Ọdún Kẹrin Adúródè Túbà

Ajé, 17 Ògọ́ọ̀sì 1987

Wọ́n ti lẹ orúkọ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá báńdì. Nínú àwa tí à ń fọn túbà, fèrè ńlá àgbékọ́rùn, mẹ́rìndínlógún ló ń lọ sórí pápá ní ìdajì eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Èmi ni ìkẹtàdínlógún. Ọdún kẹrin rèé tí mò ń ka orúkọ láti òkè wá sísàlẹ̀ tí mo sì ń bá tèmi lábẹ́ ìlà, níbi tí wọ́n kọ "Adúródè" sí. Inú mi ò kọ́kọ́ bàjẹ́. Mo lọ mu omi, mo padà wá kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbà yẹn ló wá dùn mí.

Jarvis Tolliver tó jẹ́ olórí àwa onítúbà lọ́dún yìí gbá mi lẹ́yìn. Ọdún kan náà la jọ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Marrow Bluff.

"Táyà Àfipamọ́! Mọ́tò kì í rìnrìn àjò láìsí ẹ nínú búùtù."

"Ìgbà wo gan-an ni táyà yín máa jò?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o."

Ọjọ́rú, 19 Ògọ́ọ̀sì

Oòrùn yìí ò mojú ẹnikẹ́ni. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ la ti wà lórí pápá: ìṣísẹ̀ mẹ́jọ láti ìlà kan dé ìkejì, orúnkún gbọ́dọ̀ dé àyà, ẹni tí tirẹ̀ ò bá dé ibẹ̀ á tún un ṣe títí yóò fi dé. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ tuntun tí à ń pè ní akàn ló dákú. Akàn tiwa onítúbà ò dákú. Quentavious Beal ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé túbà kọ́rùn láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ó wá ń béèrè pé ṣé ó ti tán ni. Wọ́n ti fún un ní ààyè kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló tíì lò níbí.

Adúródè kò ní ààyè, gbogbo ààyè ló ní láti mọ̀, torí a kì í mọ ẹni tí yóò ṣàìsàn. Ìwé àwòrán ìtò, tó ń fi ibi tí kálukú yóò dúró hàn, wà nínú fìlà mi. Nígbà tí àwọn tó kù bá ń yan, ẹ̀gbẹ́ Ọ̀gá Gadsden, olùdarí báńdì wa, lókè ìjókòó ni mo máa ń wà, tí mò ń ṣí ìwé fún un. Báyìí mo mọ ọ̀nà tí àwọn afọnfèrè kilarinẹ́ẹ̀tì ń gbà àti ibi tí àwọn onílù ń yà sí. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ yẹn.

Àìkú, 30 Ògọ́ọ̀sì

Lẹ́tà Màmá Àgbà dé. "Velt, gbogbo ìjọ ń kí ẹ. Mo ti sọ fún wọn pé ọdún tó kẹ́yìn tí wọ́n máa rí ẹ lórí pápá nìyí, kí ẹni tó bá máa bá mi wá tètè forúkọ sílẹ̀. Ṣé ò ń jẹun?"

Ẹ̀bi mi ni. Lọ́dún àkọ́kọ́ mo kọ̀wé sí i pé mo ti wọ báńdì, òótọ́ sì ni. Kò béèrè bóyá mò ń yan lórí pápá, èmi náà ò sì sọ. Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ròyìn mi, àwọn ìyá ìjọ bá dáwó ra bàtà funfun àti ìbọ̀wọ́ fún mi. Ta ló máa wá kọ̀wé padà pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn wáyà tí wọ́n fi sọgbà yí pápá ká ni mo ń wọ bàtà yín sí?

Ọdọọdún ni Màmá Àgbà ń wá wo ìdíje tó kẹ́yìn. Aṣọ kan náà ni gbogbo wa ń wọ̀, a jọ ń wọlé, a jọ ń fọn fèrè níbi ìjókòó. Ìdajì eré nìkan ni wọ́n máa ń fi àwa adúródè sílẹ̀ lẹ́yìn wáyà. Tí ó bá parí, á dì mọ́ mi, á ní, "Mo rí ẹ, ọmọ mi." Èmi náà á ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti ṣe é. Ọdún yìí ni mo fẹ́ kí ó jẹ́ òótọ́, kó tó di pé mo gba ìwé ẹ̀rí kúrò níbí.

Àbámẹ́ta, 12 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìdíje àkọ́kọ́. Agogo márùn-ún àárọ̀ la jẹ ẹyin àti ògì gíríìtì, torí ẹnikẹ́ni kì í jẹun mọ́ tó bá ti wọ aṣọ báńdì, kì í sì í jókòó kó má baà rún. Bàtà mi funfun ju eyín mi lọ. A tò ní méjì-méjì láti yàrá báńdì dé pápá, a ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, igi ìlù kan ṣoṣo ló ń gbá etí ìlù: tá, tá, tá. Àwọn ọmọ kéékèèké dúró lẹ́bàá títì, àwọn náà dákẹ́. Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí adúródè àti ẹni tó ní ààyè, bákan náà la ń rìn.

Ní ìdajì eré mo di báàgì méje àti omi mú. Àwọn túbà mẹ́rìndínlógún gba ẹnu ọ̀nà wáyà kọjá níwájú mi. A fi ogún àmì sí mẹ́fà na àwọn agbábọ́ọ̀lù tọ̀hún.

Ajé, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ajé ni ọjọ́ ìpèníjà. Adúródè lè pe ẹnì kan níjà lọ́sẹ̀ kan. Àwọn méjèèjì á fọn orin kan náà, àwọn onítúbà yòókù á kọ ẹ̀yìn sí wọn kí wọ́n má mọ ẹni tó ń fọn. Lẹ́yìn náà ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba ààyè yẹn yan pẹ̀lú gbogbo báńdì, wọn á wá dìbò.

Mo pe Cleve, ààyè kejìlá. Orin mi dùn ju tirẹ̀, wọ́n ní bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yan, ẹsẹ̀ mi fi bíńtín pẹ́ ní ibi ìyípo.

Ọ̀gá Gadsden pè mí. "Mabry, ojú ẹ ò sí lára ẹsẹ̀ ẹ. Ta lò ń wò?"

"Kilarinẹ́ẹ̀tì méjì ni, Ọ̀gá. Wọ́n ṣìnà."

"Ṣé ìwọ lo bí wọn ni?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣìnà lóòótọ́ ṣá.

Ajé, 5 Ọ̀któbà

Mo tún pe Cleve. Mo tún pàdánù. Òróró fèrè ti di dọ́là méjì.

Àbámẹ́ta, 17 Ọ̀któbà

Àjọ̀dún ìpadàbọ̀. Àwọn tó ti jáde láti ayébáyé padà wá pẹ̀lú ẹ̀wù tí kò lè dé ikùn wọn mọ́. Bàbá kan, ẹni àádọ́rin ọdún, wá bá mi ní ẹnu wáyà.

"Ọmọ, yá mi ní túbà ẹ. Tèmi ti dípẹtà."

"Bàbá, ṣé ẹ lè gbé e?"

"Kí o tó bí bàbá ẹ ni mo ti ń gbé e."

Ọ̀rọ̀ náà ò bọ́gbọ́n mu, mi ò tíì bí bàbá mi rárá, ṣùgbọ́n mo yá a. Ó yan kọjá níwájú mi, orúnkún rẹ̀ dé àyà tàbí kó súnmọ́ ọn. Túbà mi ti wọ pápá báyìí. Èmi ló kù.

Ajé, 2 Nòfẹ́ńbà

Ọ̀gá pín àwòrán Ọkọ̀, ìtò tí báńdì fi ń ya ọkọ̀ ojú omi lórí pápá, fún wa. Ìdíje tó kẹ́yìn nìkan la ń ṣe é, ní ìparí ìdajì eré. Quen, akàn wa, gbé ìwé náà sókè sódò.

"Ẹ̀gbọ́n Jarvis, kí ló dé tó fi jẹ́ ọkọ̀?"

"Odò ló wà níwájú kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì sí afárá nígbà yẹn. Ṣé o rò pé wọ́n lúwẹ̀ẹ́ wá kẹ́kọ̀ọ́ ni?"

Ó le lọ́dún yìí. Kilarinẹ́ẹ̀tì ni omi. Etí pápá ni wọ́n ti ń ka ìṣísẹ̀ wọn. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, orí àwọn àmì wẹ́wẹ́ tó tò láàárín pápá ló jókòó sí: ìdí rẹ̀ wà lórí ọ̀wọ́ àmì tó súnmọ́ àwọn òǹwòran, òrùlé rẹ̀ wà lórí ọ̀wọ́ kejì. Yóò rìn, yóò sì wá yí po pátápátá lórí ìlà àádọ́ta tó gé pápá sí méjì. Ọ̀gá ò tíì ní kó yí rí. Ó ní òun fẹ́ fi ṣe ìrántí ọgbọ̀n ọdún òun níbí.

Ọjọ́bọ̀, 12 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n ń tún pápá tí a máa ń lò ṣe, nítorí náà pápá ńlá àwọn agbábọ́ọ̀lù olówó oṣù, ní ìgboro, ni a ó ti pàdé kọ́lẹ́ẹ̀jì Tarver State fún ìdíje tó kẹ́yìn. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ìjókòó. Màmá Àgbà ti gbọ́ kí n tó kọ̀wé. Èèyàn méjìlá ló ń kó bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì.

Ajé, 23 Nòfẹ́ńbà

Ajé tó kẹ́yìn nìyí. Mi ò pe Cleve. Mo pe Quen.

Kò wù mí. Ọmọ náà ń pè mí ní "Bọ̀ọ̀dá Mabry", ó ń bá mi nu fèrè. Ṣùgbọ́n ààyè kẹsàn-án ló wà láàárín ọkọ̀, òun ni mo sì mọ̀ jù. Mo sọ fún ojú mi pé tó bá yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, n ó yọ ọ́. Mo wo ẹnu túbà ẹni iwájú mi, mo sì ń kà. Kilarinẹ́ẹ̀tì ì báà ṣìnà wọ inú ọjà.

Mẹ́jọ dìbò fún mi, méje fún un. Jarvis gbé mi sókè pẹ̀lú túbà lọ́rùn, a jọ ṣubú. Quen na ọwọ́ sí mi, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá Mabry, ẹ gbà á. Èmi ṣì ní ọdún mẹ́ta."

Mo ní kó má sunkún. Ó ní òun ò sunkún. Mo ní ààyè! Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rí i lọ́la: mo ní ààyè.

Ọjọ́bọ̀, 26 Nòfẹ́ńbà

Ọjọ́ ìdúpẹ́. Tòlótòló ilé oúnjẹ gbẹ bí páálí, mo jẹ ẹ̀ẹ̀mejì. A yan Ọkọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mi ò pẹ́ lẹ́ẹ̀kankan.

Ẹtì, 27 Nòfẹ́ńbà

Bọ́ọ̀sì mẹ́rin. Tí a bá ti wọ bọ́ọ̀sì ìdíje tó kẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ òjò. Ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ ló máa gbé ìlù ńlá láti bọ́ọ̀sì dé pápá. Ní ọ̀nà, Ọ̀gá Gadsden yọjú síta, ó ní, "Ẹ wo òjò yìí o." Gbogbo bọ́ọ̀sì pariwo. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ló máa gbé ìlù lọ́la.

Òjò náà ò sì dá.

Àbámẹ́ta, 28 Nòfẹ́ńbà

Adúródè ló máa ń kọ́kọ́ wọ pápá láti fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Èmi kì í ṣe adúródè mọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ. Òjò ti dá. Kápẹ́ẹ̀tì ni pápá yẹn, kì í ṣe koríko, ó sì mu omi bí kàn-ìn-kàn-ìn. Mo dúró sí etí pápá lórí ìlà àádọ́ta, mo yan wọlé. Ìṣísẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n ló máa ń gbé wa dé àmì wẹ́wẹ́. Mo yan méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò sí àmì. Mo rò pé mo ti ṣì í kà, mo padà, mo tún un yan. Ó di ìgbà tí mo fi mẹ́wàá kún un kí n tó tẹ àmì kankan.

Bàbá tó ń tọ́jú pápá ń gbálẹ̀ nítòsí, mo bi í.

"Tàwọn olówó oṣù nìyẹn," ó ní. "Tiwọn súnmọ́ àárín, a rán an mọ́ kápẹ́ẹ̀tì ni. Ẹfun la fi fa tẹ̀yin ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lánàá, òjò sì ti fọ̀ ọ́ lọ. Ọ̀dà ò ní mú lórí omi. Àwọn adájọ́ ní àwọn máa ṣe é mọ́ra bẹ́ẹ̀."

Adájọ́ lè ṣe é mọ́ra. Ọkọ̀ ò lè ṣe é. Ìdí ọkọ̀ yóò fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kúrò lórí omi, òrùlé yóò wá bá a láti ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ yóò di pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó léfòó lójú ọ̀run. Tarver State yóò fi wá kọrin títí ọmọ wa yóò fi ní ọmọ.

Kí n má purọ́ nínú ìwé tèmi: mo dúró síbẹ̀, mo sì rò ó pé kí n dákẹ́. Bí mo bá sọ ọ́, wọn á yí nǹkan padà, tí wọ́n bá sì ti ń yí nǹkan padà, ẹni tó mọ gbogbo ibi ni wọ́n ń wá. Mo so okùn bàtà mi, mo tú u, mo tún un so. Lẹ́yìn náà mo lọ bá Ọ̀gá.

Ó wá, ó yan án fúnra rẹ̀. Nígbà tó ka méjìdínlọ́gbọ̀n, ó dúró, ó wo ilẹ̀.

"Ọgbọ̀n ọdún," ó ní. "Ọgbọ̀n ọdún, n kò béèrè pé àmì wo ló wà nílẹ̀."

"Ká kàn sọ fún wọn kí wọ́n má wo àmì?" Cleve ló béèrè.

Jarvis ní, "Ogóje èèyàn? Láàárín wákàtí mẹ́rin? Àwọn akàn tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ṣì ń wá?"

Mo ní, "Ẹ fi àwa adúródè dúró síbi tó yẹ kí àmì wà. Ìlà márùn-ún, èèyàn méjì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n máa wò wá."

Jarvis yíjú sí mi. Èmi náà gbọ́ ohun tí mo sọ: àwa.

Èèyàn mẹ́wàá ni, adúródè mẹ́wàá ló sì wà pẹ̀lú Quen. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa dúró ní iwájú ìlà àádọ́ta kò lè dúró lásán. Lórí rẹ̀ ni ọkọ̀ ti máa yí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbọ́dọ̀ ṣípò, kó sì mọ ìgbà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Quen ní òun á kọ́ ọ. Ọ̀gá bi í níbi tí àwọn onílù ń yà sí. Kò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn.

Ọ̀gá mú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mabry, o jà, o gba ààyè ẹ. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ. Tí o bá ní o fẹ́ yan, ìwọ lo máa yan, a máa gé ọkọ̀ kúrò, ká ṣe nǹkan mìíràn. Sọ ọ́, mo ti gbà."

Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Inú bí mi: sí òjò, sí kápẹ́ẹ̀tì, sí ara mi tí mò ń ka ìwé àwòrán tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n kà. Mo rò ó pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì èèyàn ń bọ̀, mẹ́tàlá nínú wọn wà nínú bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sunkún díẹ̀. Mo bọ́jú, mo jáde.

"Quen. Gbé túbà ẹ."

"Bọ̀ọ̀dá Mabry—"

"Gbé e kí n tó yí ọkàn padà. Ní ìyípo, má wo kilarinẹ́ẹ̀tì o. Èmi ni kí o wò."

Ní ìdajì eré mo gba ẹnu ọ̀nà wáyà kọjá pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Mo ka méjìdínlọ́gbọ̀n, mo yíjú sí àwọn òǹwòran, mo dúró. Mi ò rí ọkọ̀ náà, kí n sọ òótọ́, torí inú rẹ̀ ni mo wà. Ohun tí mo rí ni ojú wọn. Wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀tún àti òsì, ìlà lẹ́yìn ìlà, gbogbo ojú wà lára mi, wọ́n sì ń tọ́ bí mo ṣe ń wò wọ́n. Kilarinẹ́ẹ̀tì kan fẹ́ ṣìnà. Mo gbójú sí i, ó padà. Nígbà tí ìyípo dé, mo ṣí lẹ́ẹ̀kan, mo ṣí lẹ́ẹ̀kejì, túbà mẹ́rìndínlógún gba ẹ̀yìn mi kọjá, afẹ́fẹ́ ẹnu wọn kan mi lọ́rùn, mo gbọ́ tí Quen ń kà láàárín èémí. Mo ṣí lẹ́ẹ̀kẹta. Ariwo tó sọ láti òkè, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, bóyá torí pé ẹ̀yìn wáyà ni mo ti máa ń gbọ́ ọ. Ọ̀gá gbé fìlà kúrò lórí.

Wọ́n fi àmì mẹ́ta nà wá nínú bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn eré, báńdì méjèèjì dúró níbi ìjókòó, a fọn fèrè síra wa títí wọ́n fi ní ká jọ̀ọ́ máa lọ sílé.

Màmá Àgbà wà ní ẹnu géètì pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ, gbogbo wọn dé fìlà ọjọ́ ìsinmi. Mo ti pinnu ohun tí mo máa sọ. Ó dì mọ́ mi kí n tó la ẹnu.

"Velt, mo rí ẹ."

"Màmá, ẹ dúró ná. Ọdún mẹ́rin yìí—"

"Mo ní mo rí ẹ lónìí. Àwọn yòókù ń sá sókè sódò, ẹnì kan ṣoṣo dúró tí wọ́n ń yí ká. Mo sọ fún Ola Mae pé èyí tó dúró yẹn, tèmi nìyẹn."

"Ṣebí ẹ ní ẹ rí mi lọ́dún tó kọjá. Ẹ ní ẹ rí mi lọ́dún tó ṣáájú ẹ̀."

"Irọ́ ni mo pa." Ó ń tún kọ́là mi ṣe. "Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́, ṣé mi ò ní mọ ìrìn ẹ̀ láàárín èèyàn? Mo wá ẹ títí nínú àwọn túbà yẹn, o ò sí níbẹ̀. Ojú ẹ ló ń bẹ̀ mí pé kí n ti rí ẹ, mo wá ní mo rí ẹ."

Mo bá ń wo bàtà mi. Ó ti dọ̀tí pátápátá.

"Kí ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn?" Arábìnrin Ola Mae ló béèrè. Ó fẹ́ lọ ròyìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la.

Mo ní, "Adúródè ni mí, mà."

Ó ní kí n tún un pè, kó má baà ṣì í sọ.